Orúkọ Inú Ìwé Kọ́ Ni Ilé Ẹni

Àṣà kan ń gbilẹ̀ láàárín wa tí kò yẹ kí a dákẹ́ sí. Bí ọ̀dọ́ Akpakpa kan tó ń jẹ́ da Silva tàbí d'Almeida bá ń wá baba ńlá rẹ̀, ìwé ìrìbọmi àwọn Pọtogí ló máa ń kọ́kọ́ wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní orúkọ ni ẹ̀rí. A kò gbà.

Lóòótọ́, Francisco Félix de Souza, tó kú ní Ouidah ní 1849, ní ẹ̀jẹ̀ Pọtogí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn Àgùdà tó padà dé Àjàṣẹ́ àti Ouidah, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835, ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú ni wọ́n. Orúkọ ìrìbọmi tàbí orúkọ olówó wọn ni wọ́n gbé bọ̀.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó sọ wọ́n lórúkọ ní Brazil kò wo ilé kankan. Báwo ni orúkọ náà yóò ṣe júwe ilé?

A kò ní kí ẹnikẹ́ni ju orúkọ Àgùdà nù. Ìtàn ìyà àti ìpadàbọ̀ ni. Ṣùgbọ́n oríkì ló mọ orílẹ̀ ẹni, èèwọ̀ ìdílé ló sì ń ṣẹlẹ́rìí rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jókòó ti àwọn ìyá àgbà yín, kí ẹ kọ oríkì wọn sílẹ̀ lọ́dún yìí. Bí wọ́n bá lọ tán, kò sí ìwé kan ní Lisbon tí yóò lè kì yín.