Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

 

Arákùnrin àgbẹ̀ kan láti ìhà Odígbó ni ó bi mí ní ìbéèrè lọ́sẹ̀ tí ó kọjá. Ó ní òun ra ayùn ẹlẹ́ńjìnnì kékeré kan, irú èyí tí a fi ń gé ẹ̀ka igi ní àyíká ilé àti nínú oko kòkó. Ẹnìkan ti wá gbà á nímọ̀ràn pé kí ó ra báà gígùn àti ṣéènì ńlá sí i, kí ó sì jẹ́ kí mẹkáníìkì la ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀, pé yóò máa gé igi ńlá bí ti àwọn onípákó. Ó ní, "Àáfà, ṣé kí n ṣe é?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ohun tí ó fẹ́ ṣe yìí, èmi ti ṣe é rí, owó ìjọ ni mo sì fi ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí, kí ẹlòmíràn má baà tọ ọ̀nà kan náà.

Gbogbo àwa tí a ń gbé Òrè ni a mọ ìró ayùn. Ọ̀nà Èkó sí Benin gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ọ̀nà Oǹdó àti ti Òkìtìpupa sì pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Igbó ọba Olúwa kò jìnnà sí wa, sọ́ọ̀milù pọ̀, ọkọ̀ agbégi sì ń kọjá tọ̀sán tòru. Kò sí ọmọdé tí kò tíì rí ọkùnrin tí ó gbé ayùn ńlá lé èjìká lọ sínú igbó. Ìyẹn ni ó ń mú kí a rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo ayùn.

Ìjọ mọ́sáláṣí wa ra ayùn kékeré kan fún títún àyíká mọ́sáláṣí àti itẹ́ òkú ṣe. Báà rẹ̀ kò ju ínǹṣì 14 lọ. Ọdún méjì ni ó fi ṣiṣẹ́ láìní àléébù. Lọ́jọ́ kan ìjì jà, ó wó igi mẹláínà ńlá kan lu ọgbà itẹ́ òkú. Onímáṣíìnì tí a pè dá owó tí ó pọ̀ lójú wa. Ni ẹnìkan bá ní, "Ṣebí a ní ayùn tiwa? Báà rẹ̀ nìkan ni ó kúrú." Èmi tí owó wà lọ́wọ́ mi ni mo fọwọ́ sí i. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, mo sì ń wò ó.

A ra báà ínǹṣì 24 àti ṣéènì. Ihò ìdí báà náà kò bá ayùn wa mu, mẹkáníìkì fi fáìlì fẹ̀ ẹ́. Kẹ̀kẹ́ eléyín tí ń yí ṣéènì kò bá ṣéènì tuntun mu, ó wá òmíràn tí ó jọ ọ́ sí i. Ó lu ihò mẹ́ta sára sàlẹ́ńsà, ó ní kí ẹ́ńjìnnì lè mí dáadáa. Ó yọ abọ́wọ́ iwájú tí í fa bíréèkì ṣéènì, ó ní ó ń dí òun lọ́wọ́. Nígbà tí a tan án, ó ké bí ọkọ̀ akẹ́rù. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

A gé ti àkọ́kọ́, ó gé. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, èéfín ń jáde lára báà, imú rẹ̀ sì ti dúdú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, imú báà náà kan ẹ̀ka kan tí ó fara pamọ́ lẹ́yìn ìtì igi. Ayùn fò sókè, ó fò sẹ́yìn, ṣéènì bọ́, ó fa ṣòkòtò ọmọkùnrin tí ó dì í mú ya, ó sì la ẹran itan rẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ méje ni wọ́n fi rán an ní ilé ìwòsàn. Bí ó bá wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ni ì bá gé. Mo jókòó ti ìyá ọmọ náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí a padà sí ìdí ayùn lọ́jọ́ kejì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gan, kò yí mọ́.

Onímáṣíìnì tí a kọ́kọ́ pè ni ó wá gé igi náà, kí oòrùn tó kan àtàrí ni ó parí. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó, tí ó fi àṣìṣe wa hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní ìwọ̀n mẹ́ta ni ṣéènì ní. Èkíní ni àlàfo àárín ìṣó rẹ̀: a ó wọn láti ìṣó kan dé ẹ̀kẹta, a ó sì pín in sí méjì. Èkejì ni nínípọn ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ń rìn nínú ojú báà; ó lè jẹ́ ínǹṣì 0.043, tàbí 0.050, tàbí 0.063. Ẹ̀kẹta ni iye ẹsẹ̀ náà. Ṣéènì, báà àti kẹ̀kẹ́ eléyín gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Ṣéènì méjì tilẹ̀ lè máa jẹ́ 3/8 lórúkọ, kí ọ̀kan jẹ́ ti ayùn kékeré, kí èkejì jẹ́ ti ńlá. Ẹsẹ̀ ṣéènì tiwa tín-ín-rín ju ojú báà lọ, ìdí nìyẹn tí ó fi ń mì tí ó sì bọ́.

Ti agbára ńkọ́? Ayùn ilé sábà máa ń ní ẹ́ńjìnnì 30 sí 40 cc, báà tí a sì dá fún un kì í sábà ju ínǹṣì 12 sí 16 lọ. Stihl 070 tí àwọn onípákó ń gbé wọ igbó lé ní 105 cc. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà! Bẹ́ẹ̀ sì ni pọ́ǹpù tí ń fi ọ́ìlì sí báà kékeré kò lè tẹ́ báà gígùn lọ́rùn. Ibi tí ọ́ìlì kò dé ni iná ti ń jó irin.

Ní ti sàlẹ́ńsà, ariwo kì í ṣe agbára. Nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí, inú bẹntiróòlù ni ọ́ìlì tí ń mú inú rẹ̀ yọ̀ wà. Bí a bá la sàlẹ́ńsà láìtún kàbúrétọ̀ ṣe, afẹ́fẹ́ yóò pọ̀ ju epo lọ, ọ́ìlì yóò dín kù, ooru yóò pọ̀ sí i, písítìnì yóò sì gan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni tiwa rí.

Bíréèkì tí a yọ ni ó burú jù. Bí apá òkè imú báà bá kan igi, eyín ṣéènì yóò há, gbogbo ipá rẹ̀ yóò sì ti báà sókè sí ẹni tí ó dì í mú. Abọ́wọ́ náà ni í dá ṣéènì dúró kí ó tó dé ara. Bákan náà, ẹni tí ó bá fi fáìlì bẹ́ irin kékeré iwájú eyín ṣéènì jù, kí ó lè máa bu igi púpọ̀, òun náà ń pe ewu yìí.

Àwọn tí ó ṣe ayùn kò ṣèèṣì rí ìwọ̀n wọ̀nyí. Ní 1929, ayùn oníbẹntiróòlù Andreas Stihl ní Jámánì wúwo tó kílò 46, ènìyàn méjì ni í gbé e. Ní 1946, Joseph Cox, agégi kan ní Amẹ́ríkà, ń wo ìdin kòkòrò tí ń jẹ igi sọ́tùn-ún sósì, ó sì fi ọgbọ́n rẹ̀ ṣe eyín ṣéènì tí a ń lò títí di òní. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni bíréèkì ṣéènì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, lẹ́yìn tí ayùn ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn léṣe. Ohun tí ìyà kọ́ àwọn ẹlòmíràn ni a fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tú dànù.

N kò sọ pé ẹ̀yà tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ayùn ni ó burú. Àwọn mìíràn dára púpọ̀. Bí ó bá bá nọ́ńbà ara báà àti ti ìwé ayùn mu, ẹ rà á. Àwọn ohun tí yóò mú ayùn kékeré yín lágbára nìwọ̀nyí: ṣéènì mímú, asẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó mọ́, púlọ́ọ̀gì tí ó bá a mu, àti ọ́ìlì tí ó pé. Bí ìwé rẹ̀ bá sọ pé 50 sí 1, mìlílítà 20 ni fún lítà bẹntiróòlù kan. Igi tí ó bá sì ju báà yín lọ, ẹ pe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ní Jímọ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo dìde níwájú ìjọ, mo ṣírò owó báà, ṣéènì, mẹkáníìkì, ilé ìwòsàn àti ayùn tí ó kú, mo sì fi owó onímáṣíìnì tí a sá fún kún un. Mo sọ pé èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ọmọkùnrin náà ti ń rìn dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́ ìró ayùn, ọwọ́ rẹ̀ a máa lọ sí itan rẹ̀.

Nítorí náà, arákùnrin mi ní Odígbó, má ṣe é. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Jẹ́ kí ayùn rẹ gé ẹ̀ka kòkó rẹ, kí ìwọ náà sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ rìn padà wálé.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run ṣọ́ gbogbo wa.