Inú rírun ọlọ́dọọdún: Kí a má fi aláìsàn sílẹ̀ fún àgbo àti tramadol

Inú rírun pọ̀ láàárín wa, a sì ní orúkọ fún púpọ̀ nínú rẹ̀: jẹ̀díjẹ̀dí, ọgbẹ́ inú, aràn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí a kì í dárúkọ, ojú àwọn tó ń ṣe sì ń rí màbo.

Òkè ikùn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á sì gún ènìyàn dé ẹ̀yìn. Bí aláìsàn bá jẹun tán, ó lè le sí i. Á lọ, á tún padà. Ara á máa rù, ìgbẹ́ á máa lọ́ràá, á sì máa rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá pẹ́, ìtọ̀ ṣúgà lè tẹ̀lé e.

Páńkíríásì ló ń dun onítọ̀hún. Ẹ̀yìn àpò oúnjẹ ni ẹ̀yà ara yìí wà. Òun ló ń ṣe omi tó ń bá wa lọ oúnjẹ nínú ìfun, òun náà ló ń ṣe insulin tó ń kápá ṣúgà. Bó bá ń wú lemọ́lemọ́ fún ọdún púpọ̀, á di àpá, òkúta wẹ́wẹ́ sì lè dí ọ̀nà tí omi rẹ̀ ń gbà jáde. Omi tó há sínú yìí wà lára ohun tó ń fa ìrora náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Ní ọdún 1969, àwọn dókítà méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Olurin kọ̀wé láti Ìbàdàn sínú British Medical Journal nípa aláìsàn 45 tí òkúta wà nínú páńkíríásì wọn. Ilẹ̀ Yorùbá níbí ni, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Lóòótọ́, ọtí líle, títí kan sódàbì wa, àti sìgá wà lára ohun tó ń fà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀mùtí nìkan ló ń ṣe. Ó ń ṣe ẹni tí kò fẹnu kan ọtí rí, ó sì ń ṣe ọ̀dọ́. Nítorí náà, kí a yé fi aláìsàn ṣe yẹ̀yẹ́, kí a sì yé wá àjẹ́ tó ń jẹ ẹ́ nínú.

Kí la ń ṣe báyìí? A ń mu àgbo lọ́dún kìíní, a ń ra tramadol lẹ́bàá ọ̀nà lọ́dún kejì. Oògùn yẹn á pa ìrora fún wákàtí díẹ̀, àmọ́ kò ní ṣí ọ̀nà tó dí. Nígbà tó bá sì di bárakú, àìsàn ti di méjì.

Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ yìí rí. Ní ọdún 2020, àwọn dókítà ilẹ̀ Netherlands gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 88. Wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan. Fún àwọn yòókù, wọ́n kọ́kọ́ lo oògùn àti rọ́bà tí wọ́n ń gba ẹnu kì bọ inú. Láàárín oṣù 18, ìrora àwọn tó tètè ṣe iṣẹ́ abẹ kéré sí ti àwọn yòókù.

Iṣẹ́ abẹ náà kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1960 ni Partington àti Rochelle ní Amẹ́ríkà ti ṣàlàyé rẹ̀. Dókítà á la ọ̀nà omi páńkíríásì náà gbọọrọ, á kó òkúta inú rẹ̀, á wá rán an mọ́ ìfun kí omi lè máa ṣàn.

Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé a lè gba ojú ihò kéékèèké ṣe é fún àwọn aláìsàn kan, láìla ikùn gbàràgàdà. Wọ́n á fi afẹ́fẹ́ fẹ ikùn, wọ́n á ki kámẹ́rà tín-ín-rín bọ ihò kan, wọ́n á fi irin iṣẹ́ bọ àwọn yòókù. Ojú egbò kéré, ìrora ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ dín kù, aláìsàn sì ń tètè kúrò ní ọsibítù. Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti oníṣòwò, ẹ mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ kan lóko tàbí lọ́jà túmọ̀ sí.

Kì í ṣe idán o. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló yẹ fún. Kò ní dá páńkíríásì tó ti bàjẹ́ padà, kò sì ní wo ìtọ̀ ṣúgà. Ó gba ọwọ́ tó já fáfá gan-an, ọ̀pọ̀ ọsibítù ńlá lágbàáyé ló ṣì ń la ikùn fún un.

Àwọn kan á béèrè pé nígbà tí ibà ṣì ń pa ọmọdé, kí la fẹ́ fi irin iṣẹ́ olówó ńlá ṣe? Èsì mi ni pé kámẹ́rà kan náà ni wọ́n fi ń yọ àpò òróòro àti apẹ́ńdíìsì, òun ni wọ́n sì fi ń tọ́jú oríṣiríṣi àìsàn obìnrin. Láti ọdún 1985 ni Erich Mühe ti gba ojú ihò yọ àpò òróòro ní Jámánì. Inú àwọn iṣẹ́ tó rọrùn yẹn ni dókítà ti ń kọ́ èyí tó le.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba wa. Àkọ́kọ́, kí wọ́n máa kọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ọsibítù Atakpamé ní iṣẹ́ ojú ihò, kó má jẹ́ Lomé nìkan, tó jìn sí wa ní nǹkan bíi kìlómítà 160. Èkejì, kí dispensaire abúlé mọ àmì àìsàn yìí, kí wọ́n tètè fi aláìsàn ránṣẹ́ fún échographie tàbí scanner. Ẹ̀kẹta, kí Assurance Maladie Universelle, tí òfin rẹ̀ jáde ní 2021 tó sì bẹ̀rẹ̀ ní 2024, dé ọwọ́ ìyá aláta àti àgbẹ̀ ní tòótọ́, kí ó sì bá wọn gbé owó àyẹ̀wò àti iṣẹ́ abẹ.

Ní ti àwa fúnra wa, bí inú rírun bá ti ń gún yín dé ẹ̀yìn, tó ń lọ tó ń bọ̀, tí ara sì ń rù, ẹ má dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ jáwọ́ nínú ọtí àti sìgá, kí ẹ lọ bá dókítà. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.