Aago Tí Ń Ka Lílù Ọkàn: Ta Ni Ó Tún Ń Gbọ́?

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo ti pèsè láti bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ kan gbé ẹjọ́ wá bá mi nílé, n kò sì lè ṣe kí n má rò ó fún yín, nítorí mo mọ̀ pé irú rẹ̀ ti ń wọ ọ̀pọ̀ ilé ní ìgboro.

Ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Manchester ni ó fi aago ọwọ́ kan ránṣẹ́ sí i. Aago yìí kì í ṣe irú èyí tí à ń yí létí ní àràárọ̀ nígbà èwe wa kí ó má baà dúró. Ó ń ka iye ẹsẹ̀ tí bàbá gbé lójúmọ́, ó ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ó sì mọ iye wákàtí tí ó fi sùn. Inú bàbá dùn, ó fi í yangàn lójú gbogbo wa ní ìpàdé ẹgbẹ́. Àfi bí fóònù ṣe dún ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, tí ọmọ ń pè láti òkè òkun: "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí ẹ kò sùn títí di aago 3 òru? Ọkàn yín tún sáré púpọ̀ ní aago 1."

Àìsùn òkú ni bàbá lọ ní Mushin, ó sì jó díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú bí i gidigidi. Ó ní, "Èmi tí mo bí ọmọ, ọmọ wá di olùṣọ́ òru mi!" Ọjọ́ náà gan-an ni ó bọ́ aago, ó sì jù ú sínú àpótí.

Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé inú tí ó bí i tọ̀nà. Àpótí tí ó ju aago sí ni kò tọ̀nà.

Aago náà kì í ṣe ohun ìṣeré. Ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé ni ó ń tàn sí awọ ọrùn ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ a máa gba ìmọ́lẹ̀ náà mu. Nígbàkúùgbà tí ọkàn bá ti ẹ̀jẹ̀ jáde, èyí tí ó padà sí aago a dín kù, aago a sì kà á. Ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Stanford fi aago Apple ṣe ìwádìí lára ènìyàn 419,297, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2019. Ènìyàn 2,161 ni aago kìlọ̀ fún pé ọkàn wọn ń lù ségesège. Àìsàn yìí lè wà lára ènìyàn láìsí ìrora kankan, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ọkàn, kí ìdì náà lọ dí ọpọlọ, kí ó sì di rọpárọsẹ̀. Ẹni tí a bá kìlọ̀ fún kí ó tó dé ibẹ̀ ti rí àánú gbà.

Síbẹ̀, ìkìlọ̀ ni, kì í ṣe ìdájọ́. Nínú àwọn 450 tí wọ́n lẹ ẹ̀rọ mìíràn mọ́ àyà lẹ́yìn náà tí wọ́n sì dá a padà fún àyẹ̀wò, bí 34 nínú 100 ni a bá àìsàn náà lára wọn ní àkókò náà. Nítorí náà, bí aago bá kìlọ̀ fún yín, ẹ má ṣe gba ilé oníkẹ́míìsì lọ ra oògùn. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, kí dókítà fi ẹ̀rọ ya àwòrán bí ọkàn yín ṣe ń lù.

Ó sì ní ohun tí ó kan àwa aláwọ̀ dúdú. Ìwádìí kan láti Michigan ní ọdún 2020 fi hàn pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka aláìsàn láti mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ lè pe ohun tí kò dára ní dáadáa, àṣìṣe yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 3 lára aláwọ̀ dúdú ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni ìyẹn o, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ọrùn ọwọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, mo bẹ̀ yín: ní oṣù Kejì ọdún 2024, FDA, àjọ tí ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé òun kò tíì fọwọ́ sí aago tàbí òrùka kankan tí ó ní òun lè fúnra òun wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìgún awọ. Ẹni tí ó bá gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì nítorí ohun tí irú aago bẹ́ẹ̀ wí lè dákú mọ́ inú ilé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ẹjọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ tí ó rí ni ó ń bínú sí; àwọn tí kò rí ńkọ́? Láti ọrùn ọwọ́ ni àkọsílẹ̀ ti ń lọ sínú fóònù, láti inú fóònù ni ó ti ń lọ sí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe aago, ní ìlú tí a kò dé rí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ Strava tẹ àwòrán ilẹ̀ ayé kan jáde tí ó fi ojú ọ̀nà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń sá eré ìdárayá hàn. Wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, akẹ́kọ̀ọ́ ará Ọsirélíà kan ṣàkíyèsí pé ibùdó àwọn ọmọ ogun ń tàn yòò nínú rẹ̀ láàárín aṣálẹ̀. Sójà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìpamọ́ ni o!

Ẹ̀yin ìyàwó ilé ni ọ̀rọ̀ yìí sì kàn jù. Aago mìíràn a máa wọn ìgbóná ara obìnrin lóru kí ó lè sọ ìgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ yóò dé. Ní ilẹ̀ wa, a kì í pariwo oyún oṣù 2. Ìyá ọkọ pàápàá lè má tíì gbọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń gbèjà oníbàárà, fi ẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ Flo, tí àwọn obìnrin ń fi áàpù rẹ̀ ka nǹkan oṣù lórí fóònù. Wọ́n ní ó ṣèlérí àṣírí, síbẹ̀ ó ń jẹ́ kí Facebook, Google àti àwọn mìíràn mọ̀ nípa oyún àti nǹkan oṣù wọn. Ilé-iṣẹ́ náà gbà láti parí ọ̀rọ̀ náà láìgbà pé òun jẹ̀bi. Èmi kò mọ obìnrin kan ní àdúgbò wa tí yóò fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ han ẹni tí ń tajà fún un.

Òfin wà fún wa. Èyí tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tí ó gba ìṣọ́ra pàtàkì, ó sì fún wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ nípa wa, àti láti ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ń ka ìwé àdéhùn náà kí ó tó tẹ "mo gbà"? Èmi náà tẹ̀ ẹ́ láìkà, ojú sì tì mí nígbà tí mo padà kà á. Ó kéré tán, ẹ ṣí àkáǹtì ní orúkọ ara yín, kì í ṣe ní orúkọ ọmọ tàbí ti ọ̀gá ibi iṣẹ́. Ẹ pa èyí tí ń sọ ibi tí ẹ wà bí ẹ kò bá nílò rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ ta aago náà tàbí kí ẹ fi tọrẹ, ẹ kọ́kọ́ nu gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kúrò.

Ní Sátidé tí ó kọjá, mo lọ sí ilé ọ̀rẹ́ mi, a sì pe ọmọ lórí fóònù. Ọmọ tọrọ àforíjì. Ó ní ẹ̀rù ni ó ń ba òun, nítorí rọpárọsẹ̀ ni ó pa bàbá àgbà. Ọ̀rọ̀ yẹn rọ bàbá lọ́kàn. Wọ́n ṣí àkáǹtì tuntun ní orúkọ rẹ̀, ó yọ̀ǹda kí ọmọ máa gbọ́ bí ọkàn òun bá lù ségesège, ṣùgbọ́n oorun àti ìrìn, ó fi wọ́n sí ìkáwọ́ ara rẹ̀. Aago ti padà sí ọrùn ọwọ́. Ọmọ sì ń pè ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú bí ti tẹ́lẹ̀, ó ń béèrè pé, "Bàbá, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Bàbá a sì fi ohun tí ó bá wù ú dá a lóhùn.