MẸ́RIN LẸ́YÌN, MÉJÌ NÍWÁJÚ

 Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó kà á tán ná.

Ìgbàkígbà tí jàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàárín Ṣàgámù sí Ìkẹ́nnẹ́, àbí lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ìdáhùn méjì péré la máa ń ní. Àwọn kan á ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Àwọn tó kù á ní, "Dẹ́rẹ́bà burúkú ni." Tá a bá ti sọ ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. A ó sin òkú, a ó tún wọ ọkọ̀ mìíràn lọ́jọ́ kejì. Èmi sọ pé ìdáhùn àkọ́kọ́, irọ́ ni. Ìkejì, ìdajì òótọ́ ni. Ìdajì òótọ́ yìí ló sì léwu jù, torí òun ni kì í jẹ́ ká wo ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí gbogbo ayé gbọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2025, jíìpù Lexus tó gbé Anthony Joshua, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣàgámù wá, forí sọ ọkọ̀ akẹ́rù kan ní Mákùn, lórí márosẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì kú, òun alára fara pa. Àwọn Road Safety ní ó jọ pé eré ọkọ̀ náà ti kọjá òfin, pé ibi tó ti fẹ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀ ló ti bọ́ mọ́ dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2026, wọ́n gbé dẹ́rẹ́bà lọ sí kóòtù ní Ṣàgámù. Ó dáa. Iṣẹ́ kóòtù nìyẹn, n ò ní bá wọn dá a. Àmọ́ ẹ gbọ́: akẹ́rù yẹn kò rìn. Ńṣe ló dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Dẹ́rẹ́bà nìkan ni gbogbo wa ń bú, mélòó nínú wa ló béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀? Ẹni tó bá ti gba Ògèrè kọjá rí mọ bí tírélà ṣe máa ń tò síbẹ̀ bí ẹni tò sí ọjà.

Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹfà ọdún 1967, Jayne Mansfield, òṣèré sinimá, kú nígbà tí mọ́tò tó wọ̀ kó sábẹ́ ẹ̀yìn tírélà. Wọn ò kàn sọ pé "dẹ́rẹ́bà ni" kí wọ́n lọ sùn. Wọ́n ń lé ọ̀rọ̀ náà títí irin ìdábùú tó lágbára fi di dandan lẹ́yìn tírélà, kí mọ́tò kékeré má baà máa wọ abẹ́ rẹ̀. Títí dòní, orúkọ obìnrin yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pe irin náà. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn àwọn tírélà tiwa, kí ẹ ka iye tó ní in.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi jíìpù olówó sílẹ̀, ká bọ́ sí gáréèjì tiwa. "Mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!" Èèyàn márùn-ún ni ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò kékeré yẹn ṣe é fún, dẹ́rẹ́bà mọ́ ọn. Àwa kó méje sínú rẹ̀. Bẹ́líìtì kan ló wà fún ìjókòó iwájú, èèyàn méjì ló jókòó síbẹ̀. Tá a bá sún mọ́ Road Safety, dẹ́rẹ́bà á ní, "Ẹ fa bẹ́líìtì yẹn sáyà o." Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé á fà á, á dì í mú lọ́wọ́. Tá a bá ti kọjá, á jù ú sílẹ̀. Àbí Road Safety la ń dè é fún ni? Ọdún 1959 ni Nils Bohlin ti ṣe bẹ́líìtì yìí fún Volvo, tí ilé iṣẹ́ náà sì yọ̀ǹda kí gbogbo ayé lò ó. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ó lè dín ewu ikú ẹni tó jókòó níwájú kù tó ìdajì. Ohun tí wọ́n fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ la sọ di ohun tí a fi ń tan ọlọ́pàá.

Bọ́ọ̀sì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹrù ni wọ́n fi ń kó lókè òkun. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, wẹ́dà gé fèrèsé sí i lára, ó jó àga irin mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó tẹ́ fóòmù lé e, ló bá di ọkọ̀ èrò. Ta ló dán àga yẹn wò? Ẹ̀yin ará Fíṣíìsì, ẹ bá mi sọ fún wọn: ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ọkọ̀ fi ń forí sọ nǹkan á di ìlọ́po mẹ́rin. Ṣé ojú jíjó ti wẹ́dà fi iná kàn lẹ́ẹ̀mejì ló máa gba ìyẹn dúró?

Ẹnìkan á ní mò ń gbèjà dẹ́rẹ́bà. Rárá o! Òfin ní kí bọ́ọ̀sì àti takisí má sá ju 90 lọ lórí márosẹ̀. Ẹni tó bá mu páràgà láàárọ̀ kó tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ dẹ́rẹ́bà tó dára jù lọ náà á ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ kan, èèyàn ẹlẹ́ran ara ni. Ìbéèrè mi ni pé: tó bá ṣe é, ṣé ọkọ̀ náà á dá wa sí?

Ó yẹ kí Rẹ́mọ ti mọ èyí ju ibòmíràn lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1963, jàǹbá ọkọ̀ gba ẹ̀mí Ṣẹ́gun Awólọ́wọ̀, lọ́yà, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìṣarà, ló kọ́kọ́ jẹ́ alága Road Safety nígbà tí ìjọba dá a sílẹ̀ ní ọdún 1988. Ọgbọ́n wà nílé, ọ̀fọ̀ sì wà nílé.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ wá ńkọ́? Kí wọ́n fi 50 náírà kún owó ọkọ̀, ẹ ó rí i bí Aluta ṣe máa gbóná. Kí ọkọ̀ pa ọ̀kan nínú wa, a ó dí ọ̀nà, a ó dáná sun táyà. Táyà tó yẹ ká yẹ̀ wò kó tó pa wá la ń sun lẹ́yìn tó pa wá tán! A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Mo mọ̀ pé owó ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Tí owó ọkọ̀ bá jẹ́ 600 náírà, èrò mẹ́fà á san 3,600. Tó bá jẹ́ mẹ́rin, ẹnìkọ̀ọ̀kan á san 900. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 300. Kò kéré lápò akẹ́kọ̀ọ́, n ò ní parọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó jẹ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan ló ń bá dẹ́rẹ́bà jà. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ pe àwọn ẹgbẹ́ onímọ́tò jókòó. Kí wọ́n ṣe àdéhùn owó, kí wọ́n ṣe àdéhùn ìjókòó pẹ̀lú: ẹnìkan níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn, bẹ́líìtì tó ń wọlé. Bọ́ọ̀sì tí àga rẹ̀ bá ń mì, kó má gbé akẹ́kọ̀ọ́.

Títí dìgbà náà, kí ẹ tó wọlé, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo táyà. Wọ́n kọ nọ́ńbà mẹ́rin sí i lára lẹ́yìn DOT. Tẹ́ ẹ bá rí 2312, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é. Ẹ fi han àwọn tẹ́ ẹ jọ fẹ́ wọ̀ ọ́, kí gbogbo yín jọ sọ̀ kalẹ̀. Dẹ́rẹ́bà á bínú. Ẹ jẹ́ kó bínú. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.