Oríyìn fún Rose McClendon

Bí wọ́n bá ń dárúkọ àwọn òṣèré tó gbé eré orí ìtàgé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà dé ibi tó dé, orúkọ Paul Robeson ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà tí a kì í gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́, a kò sì fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ títí lọ. Rose McClendon ni.

Greenville ní South Carolina ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1884, ó sì kéré nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí New York. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti bẹ̀rẹ̀, tó ń kó àwọn ọmọdé jọ, tó ń darí eré wọn. Ó ti wà nílé ọkọ, ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kó tó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà ní ilé ẹ̀kọ́ eré tó lórúkọ jù nílùú náà. Ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń gbà pé iná iṣẹ́ ti kú ni tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn.

Lọ́dún 1926, wọ́n fi í sínú Deep River, eré olórin tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní New Orleans láyé ẹrú. Ipa kékeré ni wọ́n fún un. Ibi tí gbogbo èèyàn sì wá ń sọ ni ibi tí kò ti sọ̀rọ̀ rárá: ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó la àgbàlá kọjá, ó sì lọ. Alárìíwísí eré nì, Alexander Woollcott, ròyìn pé Arthur Hopkins tó gbé eré náà jáde rọ Ethel Barrymore, gbajúmọ̀ òṣèré funfun tó wá wo eré náà, pé kó má tíì lọ títí Rose yóò fi sọ̀ kalẹ̀, nítorí ó lè kọ́ àwọn kan nínú àwọn òṣèré agbéraga ní ohun tí iyì ń jẹ́. Nígbà tí eré parí, Barrymore fúnra rẹ̀ ló wá Hopkins lọ, ó ní kì í ṣe àwọn kan, gbogbo wọn pátá ni.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ló ṣe Serena nínú eré Porgy. Wọ́n pa ọkọ Serena nídìí tẹ́tẹ́. Òkú nà sórí ibùsùn, àwo pẹrẹsẹ kan wà láyà rẹ̀, àwọn ará àgbàlá ń ju owó sínú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, nítorí bí owó ìsìnkú kò bá pé, àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ni yóò gbé òkú náà. Yorùbá tó bá mọ ohun tí ó jẹ́ kí èèyàn má rí òkú rẹ̀ sin yóò mọ ẹrù tí Rose gbé sórí ìtàgé lálaalẹ́.

Lóṣù Kẹwàá 1935 ni Mulatto, eré Langston Hughes, dé Broadway. Rose ni Cora, ìyá tí ó bímọ fún olóko funfun, tó sì ń wo bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń lọ sọ́wọ́ àwọn apani. Ẹni tó gbé eré náà jáde ti yí iṣẹ́ Hughes padà, àwọn alárìíwísí kò sì gba ti eré náà, ṣùgbọ́n wọ́n gba ti Rose. Ìgbà 373 ni wọ́n ṣe é. Yàtọ̀ sí eré olórin, kò sí eré tí aláwọ̀ dúdú kọ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní Broadway, àfi ìgbà tí A Raisin in the Sun dé lọ́dún 1959.

Síbẹ̀, ohun tí a tìtorí rẹ̀ bọlá fún un jù kì í ṣe èyí. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò tó o. Lọ́dún 1935 kan náà ló bá àwọn mìíràn dá Negro People's Theatre sílẹ̀ ní Harlem, ní New York. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ fi eré ṣíṣe pèsè iṣẹ́ fún àwọn òṣèré tí ọ̀dá owó gbá dànù, òun àti John Houseman ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀ka ètò náà ní Harlem. Ẹ̀ka yìí ló ṣe Macbeth tí Orson Welles darí ní ilé eré Lafayette lóṣù Kẹrin 1936. Wọ́n máa ń sọ ìtàn náà bí ẹni pé Welles, ọmọ ogún ọdún, nìkan ló wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Rose wà lára àwọn tó tẹ́ ibùsùn tí Welles sùn lé.

Àìsàn ti mú un kúrò nínú Mulatto nígbà náà, ó sì kú ní ọjọ́ kejìlá oṣù Keje 1936. Lọ́dún 1937, Dick Campbell àti Muriel Rahn dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀, wọ́n pè é ní Rose McClendon Players. Inú ẹgbẹ́ yẹn ni Ossie Davis ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ eré.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní tíátà ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti ní Èkó, lọ́jọ́ tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ Robeson, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ti Rose McClendon náà fún wọn.