Ta Ló Kọ X Sára Ọlọ́dẹ?

Kò sí ará Ìjọra tí kò mọ ohun tí X pupa lára ògiri túmọ̀ sí. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti fi ọ̀dà kọ ọ́, katakata ń bọ̀ nìyẹn. Àwọn tí wọ́n wó ilé wọn ní Badia East lóṣù kejì ọdún 2013 kò tíì gbàgbé.

Irú àmì bẹ́ẹ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa náà. Ubiquitin lorúkọ rẹ̀. Purotéènì tó bá ti bàjẹ́, tàbí tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, àwọn ẹ́ńsáìmù kan á so ubiquitin mọ́ ọn lára. Proteasome, tó rí bí àgbá, á rí àmì náà, á fa purotéènì yẹn wọlé, á gé e wẹ́wẹ́. Sẹ́ẹ̀lì á fi ègé rẹ̀ ṣe òmíràn. Iṣẹ́ yìí ni Aaron Ciechanover, Avram Hershko àti Irwin Rose torí ẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì lọ́dún 2004.

A ti kọ gbogbo èyí nínú ìdánwò, a sì ti gba máàkì wa. Ohun tí à ń sọ ni pé kò yẹ kó parí síbẹ̀.

Ìdí ni pé olè lè jí ọ̀dà náà lò. Purotéènì kan wà tó ń jẹ́ p53. Ọlọ́dẹ ni. Bí DNA bá bàjẹ́, òun ló ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró kó má pín mọ́, tàbí kó ní kó kú. Fáírọ́ọ̀sì HPV, pàápàá irú 16 àti 18, ní purotéènì tirẹ̀ tó ń jẹ́ E6. E6 á fa ẹ́ńsáìmù wa kan mọ́ra, á ní kó so ubiquitin mọ́ ọlọ́dẹ. Proteasome kò mọ̀ pé jìbìtì ni. Àmì ló rí, ó sì gé p53. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ lè gba ibẹ̀ wọlé. Irú méjì yìí ló ń fa bí ìdá 70 nínú 100 rẹ̀.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV lọ́fẹ̀ẹ́. Èkó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà kì í jí ọlọ́dẹ tó ti kú dìde. Ńṣe ló ń ti ilẹ̀kùn kí olè tó dé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gún un fún ọmọdé.

Síbẹ̀, àwọn ìyá kan ń sá fún un. Wọ́n ní kò ní jẹ́ kí ọmọ bímọ. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má pè wọ́n ní aláìmọ̀kan. Ẹni tí ìjọba ti fi ọ̀dà kọlé rẹ̀ rí, ṣé ó burú bó bá fura sí abẹ́rẹ́ ìjọba? Ta ló jókòó tì í ṣàlàyé?

Àwa la lè ṣe é. A gbọ́ Yorùbá, a mọ p53, a sì ní àbúrò nílé. Bí a bá délé nísinmi yìí, ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn ọlọ́dẹ yìí fún màmá wa, ká sì tẹ̀lé àbúrò wa lọ síbi tí wọ́n ti ń gún un.