Pólì kọ́ làwọn ọmọ yìí ń sá fún

Tí èsì ìdánwò JAMB bá ti jáde, ìjà máa ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn ilé kan ní Ìtàjí-Èkìtì, ìjà náà kì í sì í ṣe tìtorí owó. Bàbá ti ta kòkó, ìyá ti kó àjọ, owó wà nílẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé máàkì ọmọ ò gbé e dé yunifásítì, pólì ló gbé e dé, níbi tó ti máa lo ọdún méjì, tí wọ́n á fún un ní ìwé-ẹ̀rí ND, èyí táwọn èèyàn ṣì ń pè ní OND.

Bàbá á ní, "Lọ gbà á. Kí lọdún méjì jẹ́?"

Ọmọ á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n tún JAMB ṣe lọ́dún tó ń bọ̀."

Ibẹ̀ làríwo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìyá á ní ìgbéraga ló ń dà á láàmú. Bàbá á pòwe fún un pé à ń gúnyán nínú ewé, à ń sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ̀yin òbí. Òótọ́ ni pé ẹni máa yó á yó. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí ti rí i pé ẹni tó bá jẹun nínú èèpo ẹ̀pà, wọn kì í pè é jókòó síbi táwọn tó jẹun nínú àwo jókòó sí. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù nìyẹn.

Kì í kúkú ṣe pé ọ̀kan jìnnà, tí ìkejì sún mọ́ ilé. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2011 wà l'Ọ̀yẹ́, apá kan ẹ̀ sì wà n'Ìkọ̀lé. Pólì ìjọba ìpínlẹ̀ wà n'Ìsàn, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ kan náà tí Ìtàjí wà. Ti ìjọba àpapọ̀ wà l'Ádó láti ọdún 1982. Àwọn ọmọ mọ gbogbo wọn, wọ́n mọ àwọn tó jáde níbẹ̀, wọ́n sì ti wo ibi tí kálukú wọn bá ayé dé.

Ẹ wo ìṣirò tí wọ́n ń ṣe. Ọdún méjì ni ND. Ọdún kan ni wọ́n fi ń lọ kọ́ṣẹ́ níta, ìyẹn IT. Ọdún méjì míì ni HND. Ọdún márùn-ún nìyẹn. Ẹni tó lọ yunifásítì taara máa lo ọdún mẹ́rin fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ní ND nìkan ò lè ṣe àgùnbánirọ̀. Ẹni tó tiẹ̀ tiraka tó gba HND, fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó bá dé ipele kẹrìnlá lẹ́nu iṣẹ́ ọba, wọ́n á ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ tó ní dìgírì á sì máa gòkè lọ sí ipele kẹtàdínlógún. Ta ló fẹ́ rìn jìnnà ju ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ lọ, kó tún jókòó sẹ́yìn ẹ̀?

Ìjọba gan-an ò ràn wọ́n lọ́wọ́. Nípàdé tí JAMB ṣe lóṣù keje ọdún 2025, wọ́n ní máàkì ẹni tó bá fẹ́ wọ yunifásítì ò gbọ́dọ̀ dín ní 150 nínú 400, ṣùgbọ́n 100 ti tó fún pólì. Tí ìjọba bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ibi tí ẹni tí kò gba máàkì púpọ̀ ń lọ nìyẹn, kí lẹ fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún gbọ́? Àwọn àgbà náà ń sá fún orúkọ kékeré yìí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà n'Ìkẹ́rẹ́ láti ọdún 1977 ti di yunifásítì lọ́dún 2020, orúkọ olóògbé Bámidélé Olúmilúà ni wọ́n fi sọ ọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ń wá orúkọ ńlá, ẹ wá ń bú ọmọ pé òun náà ń wá a.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1934, àwọn òyìnbó tó ń ṣèjọba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíga sí Yaba, l'Ékòó, Yaba Higher College ni wọ́n pè é. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́ ìṣègùn, iṣẹ́ ẹnjiníà, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò fún wọn ní dìgírì, dípúlómà tí kò níyì kọjá Nàìjíríà ni wọ́n ń gbà, igbákejì òyìnbó ni wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n máa ṣe. Ni inú bá bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó. Dókítà J.C. Vaughan, Ernest Ikoli, H.O. Davies àti Samuel Akinsanya tó padà wá di Ọdẹ̀mọ Ìsarà dá ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Ẹgbẹ́ yìí ló di Nigerian Youth Movement lọ́dún 1936. Wọn ò sọ pé àwọn kórìíra ẹ̀kọ́ o. Wọ́n ní táwọn bá kọ́ṣẹ́, kí wọ́n má fìwé-ẹ̀rí rẹ àwọn sílẹ̀. Nígbà tí yunifásítì kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 1948, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yaba wà lára àwọn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Àmọ́ ṣá o, ìṣirò àwọn ọmọ ìsinsìnyí náà níbi tó ti ń jò. Wọn kì í ka ọdún tí wọ́n fi jókòó sílé mọ́ ọn. Ọmọ tó kọ pólì, tó fọdún méjì tún JAMB ṣe, tó wá lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, ọdún mẹ́fà ló lò. Ìyẹn tí kò bá sí ìyanṣẹ́lódì ni o. Lọ́dún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi daṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹnìkejì ẹ̀ tó lọ gba ND, tí máàkì ẹ̀ dáa, lè gba fọ́ọ̀mù Direct Entry, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì ní yunifásítì. Méjì àti mẹ́ta, márùn-ún ni. Ó ti mọ iṣẹ́ kan, ìwé-ẹ̀rí kan sì ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí nǹkan bá tilẹ̀ dojú rú lójú ọ̀nà. ND kan náà tó dà bí ògiri lójú ẹnì kan ló di àkàbà fún ẹlòmíì. Ohun tó yà wọ́n ni pé ẹnì kan ti là á yé ẹni kejì kó tó rà fọ́ọ̀mù.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ fi èébú sílẹ̀. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ẹ tẹ̀lé ọmọ lọ béèrè pé iṣẹ́ wo ló fẹ́ kọ́ ní pólì, àti yunifásítì wo ló máa gbà á wọlé lẹ́yìn ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ND ni gbogbo yunifásítì ń gbà. Kí ẹ̀yin ọmọ náà má jókòó sílé fọdún mẹ́ta nítorí orúkọ.

Ìjọba ló ni èyí tó kù. Àwọn aṣòfin l'Ábújá ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé àwọn máa pa ìyàtọ̀ tó wà láàárín HND àti dìgírì rẹ́. Ọjọ́ táwọn ọmọ bá rí ọ̀gá àgbà níléeṣẹ́ ọba tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ND ọdún méjì, tí ẹnikẹ́ni ò dá a dúró lójú ọ̀nà, bàbá ò ní í pòwe èèpo ẹ̀pà kó tó rí ọmọ rán lọ sí pólì.